Àwọn Tó Ṣáájú Wa Débẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní wèrè, àmọ́ ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ó ṣojú àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, ojúmọmọ ni, kì í ṣe òru. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé. Wọn ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n ni.

Iṣẹ́ awò ojú ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń fi ẹ̀rọ lọ gíláàsì títí yóò fi bá ojú oníbàárà mu. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi; bí èèyàn mẹ́ta bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta. Bí iṣẹ́ bá parí, ìwé ni mo máa ń gbé dání. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́, kì í ṣe ìtàn ọdẹ. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni: ọkọ̀ tó ń fò lọ sáàárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, ayé mìíràn tó jọ ayé wa tí kì í ṣe ayé wa.

Ìyàwó wa ló kó mi wọ̀ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, àmọ́ bí ẹ bá rí èmi àti ẹ̀ pa pọ̀, ẹ ó rò pé ọmú kan náà la jọ mu dàgbà. Ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwa tá à ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, orí fóònù nìkan la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní ó ti sú òun.

"Ohùn lásán ni gbogbo yín," ló wí. "Ohùn tí kò lójú, iwin nìyẹn. Ẹ jáde síta, ká fojú rinjú."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wa jáde nìyẹn. Á wá ibi tó bá ìtàn wa mu, á gba bọ́ọ̀sì, á sì kó wa dà sínú ẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀, bàbá tó ti kọ́ni ní físíìsì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Onídìrí wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, tó ń dirí fún gbogbo obìnrin àdúgbò, tí ẹnu ẹ̀ kì í sì í sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Kò fẹ́ràn ìwé rárá, oorun ló máa ń gbé e lọ kó tó ka ojú ìwé kan tán, àmọ́ ibi tí ìyàwó ẹ̀ bá ń lọ, òun náà ń lọ. Àwọn mélòó kan mìíràn náà máa ń bá wa lọ. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bọ́ọ̀sì wa bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, "Àwọn ará ọ̀run ń ròde o!" Àwa náà á rẹ́rìn-ín, a ó juwọ́ sí wọn.

Ìyàwó wa kú. Àìsàn náà ò tiẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé àìsàn ni. Ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé pé orí ń fọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tá a fi sin ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè wá ní ará ọ̀run mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí mo bá lọ wò ó, màá bá a níwájú fíríìjì tó ti tú palẹ̀, irin iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò sì fi ṣe nǹkan kan. Oúnjẹ tí mo bá gbé wá á tutù, á kan. Tíṣà ló pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Máa kó wa jáde," ó ní. "Ìwọ ni kó o gbà á ṣe. Ọkùnrin yẹn máa kú sínú ilé."

"Tíṣà, mi ò lè ṣe é bíi tiẹ̀."

"Ta ló ní kó o ṣe é bíi tiẹ̀? Ṣe é bíi tìẹ."

Mo gbà.

Ibi tí mo kọ́kọ́ mú wa lọ ni ilé ìwòràwọ̀. Ilé ńlá kan ni, òrùlé ẹ̀ rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, inú ẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ya ojú sánmà sí àjà. Ara wá yá wa díẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Obìnrin kan ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó wò wá, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún ti padà dé? Ó mà dùn mọ́ yín o."

"A ò wá síbí rí, mà," mo dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Lánàá ńkọ́?" Ó nawọ́ sí Onídìrí. "Àǹtí yìí náà ló ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ inú òṣùpá, kí n bá òun mú ti kọ̀rọ̀, kí àwọn oníbàárà òun má baà wá òun débẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Onídìrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fà mí lápá.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un nìyẹn," ó ní. "Ó ti wà lẹ́nu mi. Mi ò tíì sọ ọ́ ni."

"Èèyàn jọ èèyàn," mo ní.

"Ṣé ọ̀rọ̀ náà máa ń jọ ọ̀rọ̀ ni?"

A wọlé. Wọ́n pa iná. Àwọn ìràwọ̀ yọ sórí wa, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo. Nínú òkùnkùn náà, mò ń gbọ́ èémí àwọn tó jókòó níwájú wa. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan rọra ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Inú mi dùn pé kì í ṣe àwa nìkan la wá.

Wọ́n tan iná. Kò sẹ́nì kankan níwájú wa. Àmọ́ àga ìlà iwájú ń ká padà sókè fúnra wọn, jẹ́jẹ́, bí irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí ẹni tó jókòó sí i bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà kejì, mo mú wa lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́, lórí òkè kan tó jìnnà sí ìgboro. Ó ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ ká tó débẹ̀. Kùrukùru bo ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń mú àlejò yí ká ti ń kó àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ wọlé. Ó rí wa, ó dúró.

"Kí lẹ gbàgbé?" ó bi wá.

"Ìgbà wo la wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré. Láàárọ̀ yìí náà ni." Ó yíjú sí Tíṣà. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àpótí yìí. Ìbéèrè yín ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀. Ẹ ní ṣé atẹ́gùn máa ń rántí ibi tó gbà kọjá."

Mo rí i tí ọwọ́ Tíṣà ń wá ibi tó máa dì mú. Lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé láti ìdí òkè lòun ti ń to ìbéèrè yẹn pọ̀ lọ́kàn òun.

Ọkùnrin náà ò mọ ohun tó ń ṣe. Ó tún yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Sà, ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ìyàwó wo?"

"Èyí tí wọ́n léjí lẹ́nu yẹn, tí wọ́n máa ń fẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Òtútù ń mú wọn, ẹ̀yin lẹ bọ́ kóòtù yín fún wọn."

Lórí òrùlé, ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn ń yí. Ó ń ké fín-ín, á dúró, á tún ké fín-ín. Ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ lanu. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

"Ṣé ara ẹ̀ yá?"

"Ara wọn yá dáadáa, sà. Àwọn ṣáà ló ń kó gbogbo yín kiri."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀kan ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Èkejì ní ọkọ òun ò fẹ́. Àwọn yòókù ò tiẹ̀ wí àwáwí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fárùngbọ̀n. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò rí ojú ẹ̀ kó mọ́ bẹ́ẹ̀.

"Níbi àkọ́kọ́, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ṣáájú wa," ó ní. "Níbi kejì, kò tó ọjọ́ kan. A ti ń bá wọn, àbúrò mi. Tún wá ibòmíràn."

"Bọ̀ọ̀dá mi, òkú kì í ròde."

"Lọ́dọ̀ wa ló ti kú. Kò kú lọ́dọ̀ tiwọn."

"Ẹ̀yin tẹ́ ò ka ìwé kankan tán rí, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mi ò kà á. Ó máa ń kà á sí mi létí ni."

Mo ní mi ò ṣe. Mo ní ohun tí a ò bá mọ ìdí ẹ̀, ṣe là á jìnnà sí i. Mo yíjú sí ẹ̀rọ mi, mo ń díbọ́n bí ẹni tó níṣẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan kan lulẹ̀ gbì. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ kí láti kékeré, ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, láàárín ẹ̀rúnrún gíláàsì.

"Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó ní, kò gbójú sókè. "Kí n ṣáà rí i."

Àwa mẹ́rin la tún jáde: èmi, òun, Tíṣà tó ní òun ò ní jẹ́ ká dá lọ, àti Onídìrí tó ní bí òun bá jókòó sílé, ẹ̀rù á pa òun ju ti ọ̀nà lọ. Mo ti pinnu pé n ò ní sọ ibi tá à ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Kódà, mi ò yàn án sọ́kàn ara mi. Mo ní bí èmi gan-an ò bá mọ̀ ọ́n, ta ló máa ṣáájú mi débẹ̀? Dírẹ́bà ń wakọ̀, mò ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí mo ṣe rí pátákó kan báyìí, mo ké sí i pé, "Yà síbẹ̀ yẹn."

Oko onígíláàsì ni, àwọn ilé gígùn tí ara wọn jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀, tí wọ́n ti ń gbin ewébẹ̀ láìlo ilẹ̀. Omi nìkan ni gbòǹgbò wọn ń mu. Irú ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sínú ìtàn wa, pé inú ẹ̀ làwọn tó bá ṣí lọ sínú ìràwọ̀ á ti máa rí nǹkan jẹ. Inú ibẹ̀ gbóná, ó sì rin. Ooru omi bo gíláàsì, èèyàn ò lè rí ìta. Ewé ga jù wá lọ lọ́tùn-ún lósì. Omi ń kán, tó, tó, tó.

Obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà jáde láàárín ewé. Ó rí wa, ó yanu.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn yín dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀hún ni! Ibo lẹ gbà yí padà?"

Ó wò mí dáadáa. Ẹ̀rín ojú ẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Eyínfúnjowó?"

Orí mi wú. Ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ. Eyínfúnjowó ni ìyàwó wa sọ mí lọ́jọ́ tó wọlé wa, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tá a ti sin ín, mi ò tíì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Obìnrin tó kó yín wá. Ó ní Eyínfúnjowó mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kí n sọ fún un pé kó má sáré mọ́. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà nípẹ̀kun, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pa mọ́ lójijì, bí ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré.

Mo fò mọ́ ọn. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú láyà. Kò wò mí, ó kàn já ara ẹ̀ gbà, bọ́tìnì kan sì já sí mi lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ilẹ̀kùn tì. Omi tó ń kán dákẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan di ẹnu ẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àní èémí ara mi.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi. Mo ṣílẹ̀kùn náà, mo wọlé. Lára gíláàsì, àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan hàn, omi ṣì ń ṣàn wálẹ̀ láti orí ìka ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sáàárín ewé, ó kẹ̀yìn sí mi. Níta, mo gbọ́ tí mọ́tò kan ń bú. Mo fi apá aṣọ nu gíláàsì. Bọ́ọ̀sì kan ń yọ jáde lẹ́nu géètì, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú tiwa, iná ẹ̀yìn kan náà tó ti fọ́. Lójú fèrèsé ẹ̀yìn, orí méjì fara tira. Ó yà, mi ò rí i mọ́. Bọ́ọ̀sì tiwa ṣì wà níbi tá a gbé e sí. Dírẹ́bà ń sùn nínú ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo pè é.

Ó yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré bojúbojú.

"Ibo ló sá gbà?" ó bi mí.

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi kẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi níbí báyìí. Mo ní kí n wẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́." Ó rí ojú mi. Ó rí Tíṣà àti Onídìrí tó wọlé lẹ́yìn mi. "Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń wò mí báyìí? Tíṣà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo wo àyà ẹ̀. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé. Láti ọrùn dé ìdodo, kò sí èyí tó dín. Mo la ọwọ́ mi. Èyí tó já wà níbẹ̀, òwú ṣì wà lára ẹ̀.

Onídìrí jókòó sínú omi ilẹ̀.

A mú un lọ sílé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pe ìyàwó ẹ̀. Ó wọ yàrá, ó wọ ilé ìdáná. Ó dúró níwájú fọ́tò tá a gbé kọ́ sára ògiri lẹ́yìn ìsìnkú, ó ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀.

"Nígbà wo?" ó bi mí.

Mo sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò sunkún nígbà tá a sin ín, ó ké lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá. Ẹkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Mo bá a sunkún. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Dókítà ní ìbànújẹ́ máa ń pa ìrántí rẹ́ nígbà mìíràn, pé ká máa fara balẹ̀ fún un. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àpá tó wà lágbọ̀n ẹ̀ ò yí padà. Ó mọ orúkọ tí ìyá wa fi ń pè é ní kékeré, ó mọ ọjọ́ tí mo já sínú kànga àti ẹni tó fà mí jáde. Ó tún fíríìjì tó tú palẹ̀ yẹn ṣe, ó parí ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá yá ìwé lọ́wọ́ mi. Ó kà á tán kó tó sùn. Ó ti ka gbogbo èyí tí mo ní. Ó ní ìyàwó òun ló kọ́ òun.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Níbo la tún ń lọ, àbúrò mi?"

Kì í pariwo. Kì í bẹ̀bẹ̀. Á kàn máa wò mí pẹ̀lú ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ohun tó ń fẹ́. Ìyàwó ẹ̀ wà níbì kan, ara ẹ̀ le, ó ń wá a. Àmọ́ ẹni tó bá a lọ nínú bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́, ọkùnrin tó jókòó síwájú fíríìjì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ti rí ohun tó sọ nù? Bí mo bá bá eléyìí débẹ̀, ta ló máa padà wá síwájú fọ́tò yẹn? Ọmọ ìyá mi ni. Ọmọ ìyá mi kọ́ ni. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń lọ gíláàsì lọ́wọ́, mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni mò ń sunkún fún.

Mi ò tún kó ẹnikẹ́ni jáde láti ìgbà náà. Mo ti tú ẹgbẹ́ náà ká. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kò burú, òun á máa dúró.

Àárọ̀ àná ni dírẹ́bà bọ́ọ̀sì wa dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti fọ mọ́tò, ó ń dán.

"Àǹtí, mo ti dé," ó ní. "Bẹ́ ẹ ṣe pè mí."

"Ta ló pè ọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Lánàá. Ẹ ní ká tètè jáde lónìí, ẹ ní, 'Lọ́tẹ̀ yìí, àwa la máa dé kẹ́yìn.'"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ohùn yín ni, mà. Ìyàwó yín sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó ń rẹ́rìn-ín."

Mi ò pè é. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.